Iṣẹ́ Tí Ẹ̀ṣọ́ Ara Ń Rán: Bí Àwọn Prótéìnì Òjíṣẹ́ Ṣe Ń Kópa Nínú Ìtànkálẹ̀ Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀

Ìfáárà

Ọ̀nà méjì ni jẹjẹrẹ ń gbà dé inú ẹ̀dọ̀. Ó lè ti ibòmíràn nínú ara bẹ̀rẹ̀, bí ọmú tàbí ìfun, kí ó wá bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ẹ̀dọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó yí padà tí ó di jẹjẹrẹ. Irú kejì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, pàápàá èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hepatocellular carcinoma, tí ó kó ìdá 75 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo jẹjẹrẹ tí ó ti inú ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, nǹkan bí 866,000 ènìyàn ni a rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára wọn ní ọdún 2022. Nǹkan bí 758,000 ni ó sì pa ní ọdún kan náà.

Àlàfo tí ó wà láàárín iye méjèèjì kéré púpọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì farasin. Jẹjẹrẹ tí ó ṣì wà lójú kan nínú ẹ̀dọ̀ ṣeé gé kúrò, ó ṣeé fi ooru jó, a sì lè pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ náà pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró àti egungun, ọ̀bẹ oníṣègùn kì í lè tọpa rẹ̀ mọ́. Ìtànkálẹ̀ ni ó sábà máa ń pinnu bóyá aláìsàn yóò yè.

Ó rọrùn láti rò pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni ó ń dá ìrìn-àjò yìí rìn. Ìwádìí ohun tí ó lé ní ogún ọdún fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn prótéìnì tí ẹ̀ṣọ́ ara fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti lé àrùn jáde, wà lára àwọn ohun tí ń ṣílẹ̀kùn fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Síbẹ̀, àwọn prótéìnì kan náà ni ara fi ń pa jẹjẹrẹ nígbà mìíràn. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé a kò lè fi orúkọ prótéìnì kan mọ ohun tí yóò ṣe nínú ẹ̀dọ̀: ó di ìgbà tí a bá mọ sẹ́ẹ̀lì tí ó gba iṣẹ́ náà, àkókò tí ó gbà á, àti bí ó ti pẹ́ tó tí a ti ń rán an.

Àwọn òjíṣẹ́ inú ara

Ẹ̀ṣọ́ ara ni orúkọ tí a fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun àti àwọn ìbátan wọn tí ó tẹ̀dó sínú ẹran ara. Wọn kì í dá ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá rí kòkòrò àrùn, ó ní láti pe àwọn yòókù; bí ogun bá sì ti parí, ẹnìkan ní láti sọ fún wọn pé kí wọ́n padà. Prótéìnì kéékèèké ni wọ́n fi ń rán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Sáítókáìnì ni orúkọ tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún wọn, ṣùgbọ́n "prótéìnì òjíṣẹ́" sọ ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an.

Sẹ́ẹ̀lì kan a tú prótéìnì òjíṣẹ́ sílẹ̀. Prótéìnì náà a rìn dé ara sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ó ní ohun tí a lè pè ní etí, èyíinì ni prótéìnì tí ó yọrí sóde lára sẹ́ẹ̀lì náà, tí ìrísí rẹ̀ sì bá ti òjíṣẹ́ mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Bí méjèèjì bá ti so pọ̀, iṣẹ́ náà a wọlé, a ti ọwọ́ prótéìnì kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn títí yóò fi dé inú kókó sẹ́ẹ̀lì, níbi tí jíìnì wà. Níbẹ̀ ni yóò ti tan àwọn jíìnì kan tí yóò sì pa àwọn mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní etí fún iṣẹ́ kan kò lè gbọ́ ọ. Sẹ́ẹ̀lì méjì tí ó sì gbọ́ iṣẹ́ kan náà lè jẹ́ ẹ lọ́nà méjì tí kò jọra rárá. Yorùbá a máa sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní inú ara pẹ̀lú, ẹni tí a rán ní ipa nínú ohun tí iṣẹ́ náà yóò dà.

Ìtàn bí a ṣe mọ àwọn òjíṣẹ́ wọ̀nyí kò tíì pẹ́. Ní ọdún 1957, Alick Isaacs àti Jean Lindenmann, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìlú London, ṣàwárí ohun kan tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde láti kìlọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì. Wọ́n pè é ní interferon. Ní ọdún 1975, ní ìlú New York, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń bá Lloyd Old ṣiṣẹ́ kéde prótéìnì kan tí ó ń pa kókó jẹjẹrẹ lára èkúté. Wọ́n sọ ọ́ ní TNF, orúkọ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń mú kókó jẹjẹrẹ kú. Ní ọdún 1986, Tadamitsu Kishimoto àti Toshio Hirano ní Osaka, ní orílẹ̀-èdè Japan, rí jíìnì prótéìnì tí a wá ń pè ní IL-6. Ìmọ̀ yìí kò dúró sí orílẹ̀-èdè olówó nìkan. Ní ọdún 1981, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Cuba lọ sí Helsinki lọ́dọ̀ Kari Cantell láti kọ́ bí a ṣe ń fa interferon jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ní ọdún náà gan-an ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Havana.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí ń tan ènìyàn jẹ. Ohun tí a kọ́kọ́ rí kí prótéìnì kan ṣe ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Nínú ẹ̀dọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i, TNF tí a sọ ní apa-jẹjẹrẹ lè di ẹni tí ń bọ́ jẹjẹrẹ.

Ẹ̀dọ̀, ẹ̀yà ara tí kì í yára bínú

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀yà ara tí ẹ̀dọ̀ jẹ́. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tí ó ń wọ inú rẹ̀ ni kò ti ọkàn wá tààrà. Inú ìfun ni ó ti ń bọ̀, ó sì ru oúnjẹ, oògùn, àti èérún bakitéríà lọ́wọ́. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń pe ogun sí gbogbo àjèjì tí ó bá kọjá, yóò ba ara rẹ̀ jẹ́ kí ọjọ́ tó kanrí. Nítorí náà, ìfaradà ni ó fi ń gbé ayé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì Kupffer, tí ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ń gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀, a máa gbé bakitéríà mì láìpariwo. Bí kò bá sí ewu ńlá, wọn a tú IL-10 àti TGF-beta jáde, àwọn òjíṣẹ́ tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì T, ajagun tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ó bàjẹ́, pé kí ó rọra.

Ìfaradà yìí ní àǹfààní. Òun ni ó jẹ́ kí ara tètè gba ẹ̀dọ̀ tí a pààrọ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí ó ti di jẹjẹrẹ náà ń jẹ nínú àǹfààní kan náà. Ní ibi tí a ti kọ́ ẹ̀ṣọ́ láti máa gbójú fo àjèjì, kì í ṣòro fún ọ̀tá láti sá pamọ́.

Mẹ́dọ̀wú: ìjà tí kò parí

Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àìsàn tí ó sábà máa ń ṣáájú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni mẹ́dọ̀wú. Mú, ẹ̀dọ̀ àti wú ni ó papọ̀ di orúkọ náà: ohun tí ó mú ẹ̀dọ̀ wú. Orúkọ yìí bọ́ sí ojú ọ̀nà ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ìgbinikún, èyíinì ni kí ara wú, kí ó gbóná, kí ó sì máa roni, ni ó dárúkọ; kò dárúkọ kòkòrò tí ó fà á. Nípa ti fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí. Fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ kì í sábà pa sẹ́ẹ̀lì tí ó wọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ara tí ó ń wá a kiri ni ó ń pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì ti sá sí.

Bí ìjà náà bá ṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ó sì parí, kò sí ewu púpọ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ lè hù padà. Ìṣòro ni ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ kò lè ṣẹ́gun tí kò sì gbà láti dẹ́kun. Ọjọ́ orí tí ènìyàn kó fáírọ́ọ̀sì náà ni ó ń pinnu èyí jù. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọwọ́ tí ó bá kó o láti ara ìyá wọn, nǹkan bí 90 ni yóò máa gbé e kiri títí ayé. Nínú àgbàlagbà, iye náà kò tó 5. Fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ a máa kú, òmíràn a máa rọ́pò rẹ̀. Ìgbàkígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín sí méjì, àyè wà fún àṣìṣe nínú jíìnì rẹ̀, àpá a sì máa bo ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú D, mẹ́dọ̀wú C, ọtí àmujù, àti ọ̀rá tí ó gba ẹ̀dọ̀ kan lára ẹni tí ó sanra jù tàbí tí ó ní àtọ̀gbẹ lè dá irú ìgbinikún bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, áfílátọ́síìnì tún ń dá kún un. Májèlé tí ń wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó bu ni. Ó ń ba jíìnì TP53 jẹ́, jíìnì tí ó yẹ kí ó dá sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣìnà dúró. Lára ẹni tí ó ní mẹ́dọ̀wú B, ewu méjèèjì a máa sọ ara wọn di púpọ̀.

Iṣẹ́ àtúnṣe tí ó di ti ìparun

Lára ẹni tí ara rẹ̀ yá, IL-6 àti TNF jẹ́ olùtúnṣe. Bí a bá gé apá kan ẹ̀dọ̀ kúrò, sẹ́ẹ̀lì Kupffer a tú méjèèjì jáde, wọn a sì sọ fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí ó kù pé kí ó máa pín. Èkúté tí kò ní IL-6 rárá kì í lè hu ẹ̀dọ̀ padà dáadáa. Bí iṣẹ́ náà bá dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì rẹ̀ ti bàjẹ́, ohun kan náà ni ó ń sọ: má kú, máa pọ̀ sí i. Prótéìnì kan nínú sẹ́ẹ̀lì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ STAT3, ni ó máa ń gbé iṣẹ́ IL-6 dé ibi tí jíìnì wà. Lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáká, STAT3 a ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, a sì dákẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, kì í dákẹ́ mọ́.

Ìwádìí kan tí Willscott Naugler, Michael Karin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì California ní San Diego gbé jáde ní ọdún 2007 lo ọ̀nà yìí láti dáhùn ìbéèrè àtijọ́ kan: kí ni ó dé tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fi ń bá ọkùnrin jà ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju obìnrin lọ? Wọ́n fún akọ àti abo èkúté ní kẹ́míkà tí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ akọ tú IL-6 púpọ̀ jáde ju ti abo lọ, jẹjẹrẹ sì pọ̀ lára akọ. Wọ́n rí i pé ẹ́sítírójìn, họ́mọ̀nù tí ó pọ̀ lára abo, ni ó ń dá sẹ́ẹ̀lì Kupffer dúró kí ó má baà tú IL-6 jù. Nígbà tí wọ́n lo èkúté tí a ti yọ jíìnì IL-6 kúrò lára rẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín akọ àti abo pòórá. Lára ènìyàn, ọtí, sìgá àti bí mẹ́dọ̀wú ṣe pọ̀ tó náà ń fa ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà fi hàn pé òjíṣẹ́ kan ṣoṣo lè tó láti yí ewu padà.

Ti TNF ni ó ń fi bí àkókò ṣe ṣe pàtàkì hàn jù. Ní ọdún 2004, Eli Pikarsky, Yinon Ben-Neriah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jerusalem lo irú èkúté kan tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń gbinikún fúnra rẹ̀ títí yóò fi di jẹjẹrẹ. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà tí iṣẹ́ TNF ń gbà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, kò sí ohun tí ó yí padà. Nígbà tí wọ́n dí i ní ìgbà tí ó ti pẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti ń ṣìnà kú, jẹjẹrẹ kò sì dàgbà. Èyí lè mú kí ènìyàn sọ pé kí a ṣáà máa dí ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Shin Maeda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Diego fi kẹ́míkà fa jẹjẹrẹ lára èkúté mìíràn. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ nìkan, jẹjẹrẹ pọ̀ sí i ni, nítorí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí kò ní ààbò rẹ̀ mọ́ ń kú, ikú rẹ̀ sì ń mú kí àwọn tí ó kù máa pín láìdúró. Nígbà tí wọ́n dí i nínú ẹ̀ṣọ́ ara pẹ̀lú, jẹjẹrẹ dín kù. Ọ̀nà kan ni, àbájáde rẹ̀ sì yàtọ̀ láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì àti láti ìgbà dé ìgbà.

Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kúrò nílé

Kí jẹjẹrẹ pọ̀ sí i lójú kan jẹ́ ọ̀kan. Kí ó ṣí kúrò níbẹ̀ jẹ́ òmíràn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kì í rìn. Prótéìnì tí ń jẹ́ E-cadherin so ó mọ́ aládùúgbò rẹ̀ bí bíríkì ṣe ń lẹ̀ mọ́ bíríkì. TGF-beta ni òjíṣẹ́ tí ó mọ̀ jù bí a ṣe ń tú u. Òjíṣẹ́ yìí náà ní ojú méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ pé kí ó má pín mọ́, bí ó bá sì bàjẹ́ jù, kí ó kú. Ṣùgbọ́n nínú jẹjẹrẹ tí ó ti dàgbà, sẹ́ẹ̀lì kò gbọ́ apá ìyẹn mọ́. Apá kejì ni ó ń gbọ́: dín E-cadherin kù, na ara rẹ gùn, kí o sì máa lọ. Sẹ́ẹ̀lì tí ó jókòó bí bíríkì a wá di arìnrìn-àjò.

TGF-beta kan náà a máa rán àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀ níṣẹ́ pé kí wọ́n máa ta okùn àpá, a sì máa pa sẹ́ẹ̀lì T lẹ́nu mọ́. Àwọn òjíṣẹ́ mìíràn a tún wá. CCL2 àti CSF1 a máa pe àwọn ẹ̀ṣọ́ tí a mọ̀ sí macrophage wá yí jẹjẹrẹ ká. Iṣẹ́ àtúnṣe egbò ni àwọn wọ̀nyí mọ̀ jù, wọn a sì ṣe é níbẹ̀ bí ẹni pé jẹjẹrẹ jẹ́ egbò tí kò jinná: wọn a tú ẹnsáìmù tí ń gé okùn inú ẹran ara, wọn a sì tú VEGF, prótéìnì tí ń ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù. Oúnjẹ dé, ọ̀nà sì là.

Ọ̀nà tí ó sún mọ́ jù ni ẹ̀ka iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ ìfun wọ ẹ̀dọ̀. Jẹjẹrẹ tí ó bá wọ inú rẹ̀ a máa tipasẹ̀ rẹ̀ dé apá mìíràn nínú ẹ̀dọ̀ kan náà. Èyí tí ó bá wọ iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde a bá ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn, láti ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, tí ó jẹ́ ibi tí ó sábà máa ń balẹ̀ sí jù lẹ́yìn odi ẹ̀dọ̀. Ní ibi tí ó dé pẹ̀lú, òjíṣẹ́ ara ni ó lè gbà á sílé. TNF àti IL-1 a máa mú kí ògiri inú iṣan ẹ̀jẹ̀ di ohun tí ń lẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ tí ń bọ̀ lè dúró níbẹ̀ kí ó sì gba ibẹ̀ jáde. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀; níhìn-ín, ẹ̀ṣọ́ ilé ni ó la ògiri náà.

Ilẹ̀ tí irúgbìn bọ́ sí

Ní ọdún 1889, oníṣẹ́ abẹ kan ní London, Stephen Paget, ka àkọsílẹ̀ obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa. Ó rí i pé jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀ nínú 241, ṣùgbọ́n ó dé spleen, ẹ̀yà ara tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn dé dáadáa, nínú 17 péré. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń gbé jẹjẹrẹ kiri bó ṣe wù ú, ìyàtọ̀ náà kò bá má tóbi tó bẹ́ẹ̀. Paget fi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wé irúgbìn: ibi gbogbo ni afẹ́fẹ́ lè gbé e dé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó bá gbà á ni yóò ti hù.

Èrò yìí rí ẹ̀rí tuntun gbà nípa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní ọdún 2006. Anuradha Budhu, Xin Wei Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà àti Ṣáínà yẹ ẹ̀dọ̀ aláìsàn 115 wò. Wọn kò wo kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀; ẹran ẹ̀dọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí jẹjẹrẹ kò tíì dé, ni wọ́n wò. Lára àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, àwọn òjíṣẹ́ tí ń pe ogun, bí IL-1, TNF àti interferon-gamma, ti lọ sílẹ̀. Àwọn tí ń pẹ̀tù sí ogun, bí IL-4, IL-5 àti IL-10, ti gòkè. Jíìnì 17 péré láti inú ẹ̀dọ̀ tí kò ní jẹjẹrẹ tó láti fi ya àwọn tí jẹjẹrẹ wọn yóò tàn kálẹ̀ tàbí padà wá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Ilẹ̀ ti sọ ohun tí irúgbìn yóò ṣe.

Òǹkàwé lè béèrè pé: bí TNF bá ń bọ́ jẹjẹrẹ lára èkúté Jerusalem, kí ni ó dé tí ó fi lọ sílẹ̀ lára àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ń tàn? Àlàyé tí ó bá ẹ̀rí méjèèjì mu ni pé ìpele méjì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbinikún ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ó ń kọ́ jẹjẹrẹ náà. Nígbà tí ó bá ti dúró tán, ohun tí ó ṣe é láǹfààní ni kí ariwo rọlẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ sì sùn, kí ó lè jáde láìsí ẹni tí yóò dá a dúró.

Ohun tí ìtọ́jú rí kọ́

Ìmọ̀ yìí ti dé ilé ìwòsàn. Bí sẹ́ẹ̀lì T bá rí jẹjẹrẹ, interferon-gamma wà lára ohun tí ó ń tú jáde láti bá a jà. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gbọ́ interferon náà, ó sì fi PD-L1 sí ara rẹ̀, prótéìnì tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì T pé kí ó dáwọ́ dúró. Ìwádìí lórí irú ìdádúró báyìí ni ó gba ẹ̀bùn Nobel fún James Allison àti Tasuku Honjo ní ọdún 2018. Ní ọdún 2020, àbájáde ìwádìí kan lára aláìsàn 501 tí a kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún jáde. A fún apá kan ní atezolizumab, tí ń dí PD-L1, pẹ̀lú bevacizumab, tí ń dí VEGF. A fún apá kejì ní sorafenib, oògùn tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjìlá, 67.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣì wà láàyè ní apá àkọ́kọ́, 54.6 ní apá kejì. VEGF kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń hù. Ó tún ń rẹ sẹ́ẹ̀lì T sílẹ̀. Nítorí náà ni dídí méjèèjì pọ̀ ṣe mọ́gbọ́n wá.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni oògùn yìí ń ràn lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ tí a tú sílẹ̀ sì lè kọlu ẹran ara tí kò ṣẹ̀, títí kan ẹ̀dọ̀ náà. Dídí IL-6 tàbí TGF-beta ní gbogbo ara náà ní ìdènà tirẹ̀, nítorí àwọn ni ara fi ń tún egbò ṣe tí ó sì fi ń bá àrùn jà. Láti ibí yìí ni a ti lè yẹ ìpolówó kan tí ó gbòde wò: àgbo tàbí oògùn oníkóró tí wọ́n ní ó ń "mú ààbò ara lágbára". Ààbò ara kì í ṣe ohun kan tí a lè fi kún bí omi inú agbè. Iṣẹ́ wo ni yóò fi kún? Ti IL-6 ni àbí ti interferon? Lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń gbinikún fún ogún ọdún, ìbéèrè yìí kì í ṣe eré, pàápàá nígbà tí àwọn ewé kan lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fúnra wọn.

Kí iná tó ràn

Bí ìgbinikún ọlọ́jọ́ pípẹ́ bá jẹ́ ìpìlẹ̀, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1984, Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìnlá sọ̀kalẹ̀ láti 0.70 nínú ọmọ 100,000 lọ́dún, láàárín 1981 àti 1986, sí 0.36 láàárín 1990 àti 1994. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wọ ara ọmọ láàárín wákàtí 24 tí a bí i. Fún ẹni tí fáírọ́ọ̀sì náà ti wà lára rẹ̀, oògùn bí tenofovir àti entecavir ń dín in kù, ìgbinikún a sì rọlẹ̀, ewu jẹjẹrẹ a dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Gbígbẹ ẹ̀pà àti àgbàdo dáadáa kí a tó kó o pamọ́, àti dída èyí tí ó bá ti bu nù, ń dín áfílátọ́síìnì kù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé mílíọ̀nù 254 ènìyàn ni ó ń gbé mẹ́dọ̀wú B kiri ní ọdún 2022, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lára ibi tí ó ti wọ́pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá tí ó wà lẹ́yìn odi tààrà. Ẹni tí ó kó o ní ọmọ ọwọ́ ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu lè gbé e dé London tàbí Houston láìmọ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ kì í ké títí àrùn yóò fi pọ̀. Láti ọdún 2023, àjọ tí ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà ti dámọ̀ràn pé kí gbogbo àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún 18 ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni àyẹ̀wò náà ń gbà. Fún ẹni tí ewu rẹ̀ ga, sikáànù ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ó lè mú kí a rí jẹjẹrẹ nígbà tí ó ṣì wà lójú kan. Ìlànà Amẹ́ríkà sì gbà pé kí ẹni tí a bí ní Áfíríkà tí ó ní mẹ́dọ̀wú B tètè bẹ̀rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn prótéìnì òjíṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀dọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí ayé. IL-6 àti TNF ń tún ẹ̀dọ̀ ṣe nígbà tí iṣẹ́ wọn bá kúrú; bí ó bá gùn, jẹjẹrẹ ni wọ́n ń bọ́. TGF-beta ń dá sẹ́ẹ̀lì tuntun tí ó ṣìnà dúró, ó sì ń tú èyí tí ó ti dàgbà sílẹ̀ láti rìn. Interferon-gamma ń pe ogun, jẹjẹrẹ sì ń fi ìpè rẹ̀ bo ara. Ìdí nìyí tí ìwádìí òde òní fi ń wá bí a ó ṣe dí iṣẹ́ kan ní ibi kan àti ní àkókò kan, dípò kí ó máa wá bí a ó ṣe pa òjíṣẹ́ rẹ́ tàbí sọ ọ́ di púpọ̀.

Fún àwùjọ, ẹ̀kọ́ náà rọrùn láti gbé lọ sílé. Iná tí ń jó lábẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń pa ilẹ̀ mọ́ de irúgbìn jẹjẹrẹ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń ṣe é kí ó má gbiná rárá, àyẹ̀wò ń fi í hàn, oògùn sì ń bomi pa á. Gbogbo èyí ṣeé ṣe kí sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tó kúrò ní àyè rẹ̀.